Wọ́n Ń Ṣọ̀fọ̀ Ìsíátù Níṣojú Rẹ̀

Kí búlọ́ọ̀kù tó já lé Ìsíátù lórí, gbogbo àdúgbò wọn n'Ísọlọ̀ ló mọ̀ ọ́n sí obìnrin jẹ́jẹ́. Onídìrí ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé tí òun àti Mísbáù ọkọ rẹ̀ ti gba yàrá méjì, àwọn obìnrin a sì máa ti Ire-Akárí àti Àjàó Estate wá bá a, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ tutù. Tó bá ń di ṣùkú fún ènìyàn, onítọ̀hún lè sùn lórí àga. Kì í fa irun bí ẹni ń tu èpò. Bí oníbàárà bá sì jókòó tó ń bú ọkọ rẹ̀, Ìsíátù a kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, a ní kó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ó ń ti Ọ̀ṣòdì bọ̀, níbi tó ti lọ ra irun tó fi ń ṣiṣẹ́. Ilé alájà mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń kọ́ lójú ọ̀nà ilé wọn. Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè ló ni ín. Kò ta àwọ̀n sí i, kò fi pákó dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ láti sọ fún èrò pé kí wọ́n yà. Àwọn lébìrà to búlọ́ọ̀kù sí etí àjà òkè pátápátá, ọ̀kan yẹ̀ níbẹ̀, ó já. Ìsíátù kò gbọ́ nǹkan kan. Irun tó rà fọ́n ká ojú títì, àwọn tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì kọ́kọ́ rò pé ó ti kú.

Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n la orí rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ jáde. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí kò mọ̀ bóyá òun wà láyé. Nígbà tó lajú, kálukú ń dúpẹ́, wọ́n ń sọ pé orí ló yọ ọ́. Orí kan náà tí wọ́n fọ́, òun náà ni wọ́n ní ó yọ ọ́. Dókítà ní kó sinmi, kó má gbẹ́rù, kó padà wá fún àyẹ̀wò. Ohun tí wọ́n sọ kò ju ìyẹn lọ. Kò sí ẹni tó pe Mísbáù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó sọ fún un pé obìnrin tó ń mú relé yìí lè má rí bí èyí tó gbé wá. Wọn ò sọ fún Ìsíátù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú.

Ilé ló ti mọ̀ ọ́n. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń gún un ní àárín orí bí ìṣó. Iná gílóòbù a máa ta á lójú. Ó máa fẹ́ pe òòyà, ṣíbí ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó máa rán Fawziyyah, ọmọbìnrin rẹ̀, níṣẹ́, kí ọmọ tó dé yóò ti gbàgbé pé òun rán ẹnikẹ́ni, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí bú u pé níbo ló lọ. Àárẹ̀ a mú un lọ́sàn-án gangan bí ẹni tó fọ́ òkúta láti àárọ̀. Èyí tó sì bà á lẹ́rù jù ni ìbínú. Kò mọ ibi tó ń gbà wọlé. Ìdí àwo á kan ilẹ̀ lásán, òun á sì ti dìde, ohùn rẹ̀ á ti gba òrùlé. Lọ́jọ́ kan ó ju ife lu ògiri, àfọ́kù rẹ̀ sì ha Fawziyyah lápá. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bo àpá náà, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan láti Àjàó Estate ló kọ́kọ́ jókòó sí iwájú rẹ̀. Ó di apá ọ̀tún tán, ó gún régé. Nígbà tó dé apá òsì, ọwọ́ rẹ̀ kò rántí ọ̀nà mọ́. Àwọn kan tóbi, àwọn kan tín-ín-rín, wọ́n wọ́ kiri bí ipa kòkòrò. Oníbàárà wo dígí, ó rẹ́rìn-ín. Kò fi ṣe ìkà, ó kàn béèrè bóyá ènìyàn méjì ni wọ́n dì pa pọ̀ sórí ẹnìkan. Gbogbo àwọn tó wà níjòókòó bú sẹ́rìn-ín. Ìsíátù gbé àga onípákó kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ mọ́ dígí náà.

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ìparí àdúgbò kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní búlọ́ọ̀kù ti da orí Ìsíátù rú. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀nà mìíràn. Ìyẹn dùn ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dùn ún jù. Ohun tó ń ta á nínú jù ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kẹ́dùn rẹ̀. Wọ́n á jókòó sí páálọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀, wọ́n á máa rántí rẹ̀. Wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ mà tutù o, wọ́n á ní kì í jà, wọ́n á sì mi orí. Aládùúgbò kan wá kí Mísbáù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o, Bàbá Fawziyyah. Obìnrin dáadáa ni. A ò lè rí irú ẹ̀ mọ́."

Ìsíátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé omi mímu tó fẹ́ fún àlejò náà dání. Ó ní, "Mo ti kú ni?"

Ọkùnrin náà dìde, ó wá bàtà rẹ̀. Kò mu omi náà.

Kò pẹ́ sí àkókò yìí ni ẹ̀gbọ́n Mísbáù obìnrin, Àǹtí Nimotallahi, ti ìlú wọn ní Ọ̀ṣun dé. Òun ló tọ́ Mísbáù dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í bọ́ sílẹ̀ nínú ẹbí. Ó kó ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, ó jẹun, ó kírun, lẹ́yìn náà ó pe ìpàdé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti dókítà. Ó ní òun ti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ nílé, tó máa ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Wọ́n á kọ́kọ́ dè é lẹ́sẹ̀ kó má baà sá lọ, wọ́n á nà án díẹ̀ kí ohun tó bá a wọlé lè jáde, yóò sì wà lọ́dọ̀ wọn títí ara á fi balẹ̀. Ní ti Mísbáù, ọkùnrin kò lè máa dá se ọbẹ̀, kó wá ẹnìkan tó máa bá a tọ́jú ọmọ. Gbogbo èyí ni ó ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ṣètò ìrìn àjò. Ìsíátù sì wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àga tó kọjú sí i. Kò sí ìgbà kan tí Àǹtí Nimotallahi wo ojú rẹ̀.

Ìsíátù wo ọkọ rẹ̀. Mísbáù ń wo ilẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wò mí," ni Ìsíátù wí. "Èmi lẹ ń sọ yẹn. Mo wà ńbí. Orí mi ló fọ́, etí mi ò fọ́. Ọlálérè tó ni búlọ́ọ̀kù ń sùn nílé ẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dè é lẹ́sẹ̀. Èmi tí wọ́n fọ́ lórí lẹ fẹ́ lọ dè mọ́lẹ̀."

Ó ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀ náà, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sókè. Àǹtí Nimotallahi yíjú sí àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní, "Ṣó o rí i? Ohun tí mo ń wí náà nìyẹn."

Ibẹ̀ gan-an ni Ìsíátù ti rí i pé wọ́n ti ká òun mọ́. Bí òun bá dákẹ́, wọ́n á ní kò mọ nǹkan kan mọ́. Bí òun bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Òótọ́ tó bá ti ẹnu òun jáde, ẹ̀rí ìsínwín ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ara wọn mu, kò sì mọ̀.

Ó rìn. Ìbínú ló ń tì í lẹ́yìn, kò wo ọ̀nà. Ìgbà tí ìbínú náà máa fi rọlẹ̀ díẹ̀, ó ti dé Apákùn, ní etí ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, ibi tí wọ́n ti ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Fèrè mọ́tò ń ké lọ́tùn-ún, redíò ń ké lósì, ọkọ̀ òfurufú kan sì gba òkè orí wọn kọjá bí ẹni pé ó fẹ́ já òrùlé dànù. Gbogbo rẹ̀ wọ orí Ìsíátù lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó wo ọwọ́ òkè, ó wo ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Ló bá rí ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iléèwé irú ti Fawziyyah. Ó dì í mú lọ́rùn ọwọ́, ó pè é ní Fawziyyah, ó ní kó mú òun relé.

Ọmọ náà figbe ta.

Ẹni tó bá mọ Èkó mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé irú igbe bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan wí pé gbọ́mọgbọ́mọ ni, ẹlòmíràn gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, kí a tó ṣẹ́jú, èrò ti yí i ká. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Wọ́n ní ó ń díbọ́n. Ẹnìkan gbá a létí, ẹnìkan fa ìbòrí rẹ̀ ya, ohùn kan sì wá láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n lọ wá táyà.

Ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó inú ìkòkò lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ ló gba àárín wọn wọlé. Albert ni orúkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀, korobá omi tó fi ń wọ́n òdòdó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Kò pariwo. Ó dúró síwájú Ìsíátù, ó kọjú sí èrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀.

"Ẹ wo… orí ẹ̀," ló wí. "Ẹ wo àpá yẹn. Wọ́n la orí ẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe la tèmi."

Ó ṣí fìlà rẹ̀. Apá kan agbárí rẹ̀ jìn wọnú bí ojú abọ́. Wọ́n mọ Albert ládùúgbò yẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i, ṣùgbọ́n kò ṣí fìlà fún wọn rí. Ìtìjú díẹ̀ mú àwọn tó wà níwájú. Àwọn tó wà lẹ́yìn ráhùn díẹ̀ sí i, wọ́n sì túká bí wọ́n ṣe pé jọ. Kò sí ẹni tó ní kí Ìsíátù má bínú.

Albert mú un jókòó sábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, láàárín àwọn òdòdó. Ó pa redíò rẹ̀. Kò bi í ní nǹkan kan, ó kàn gbé omi fún un, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó padà sí Ìsíátù lẹ́nu, Ìsọlọ̀ ló sì kọ́kọ́ sọ. Albert gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó sìn ín lọ. Lójú ọ̀nà ló sọ fún un pé orí ọ̀kadà ni òun ti já bọ́, pé ìyàwó òun kó lọ nígbà tí kò mọ ọkùnrin tí òun dà mọ́. Ó ní àwọn kan wà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe, wọ́n máa ń pàdé ní Sátidé ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan l'Ájàó Estate.

Ìsíátù ní òun kò fẹ́ ẹgbẹ́ olórí fífọ́.

"Olórí fífọ́ ni ẹ̀yin náà," ni Albert wí. Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ ní sùúrù."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un lọ, òun àti ẹ̀rù ilé tí wọ́n fẹ́ lọ dè é mọ́. Nígbà tó dé ibẹ̀, àga àwọn ọmọ kéékèèké ni gbogbo wọn jókòó lé, orúnkún kálukú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Wọn ò tan iná. Bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀, ìyókù á dákẹ́, bí ọ̀rọ̀ bá sì há ẹnìkan lẹ́nu, wọ́n á dúró dè é, wọn kì í bá a parí rẹ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Tẹ́júọlá, tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní pápákọ̀ kí ọkọ̀ tó gbá a. Ojú ènìyàn kì í dúró lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ìyá tó bí i lọ́mọ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó mọ̀ pé òun ni. Tẹ́júọlá gbọ́ gbogbo ohun tí Ìsíátù sọ, èyí tó létò àti èyí tí kò létò, lẹ́yìn náà ó fèsì.

"Máa bínú," ló wí. "Ó tọ́ sí ẹ. Ṣùgbọ́n mọ ẹni tó o ń bínú sí. Màmá mi ni mo fi ìbínú jẹ níyà. Ẹni tó fọkọ̀ gbá mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ṣì wà láyé."

Ọ̀rọ̀ náà bá Ìsíátù délé. Ó pe Fawziyyah, ó wo àpá tó wà lápá ọmọ náà, ó sọ fún un pé kò ṣẹ òun rárá. Ó ní nígbàkígbà tí òun bá gbé ọwọ́ sókè báyìí, kó jáde kúrò nínú yàrá, kó má bi òun ní nǹkan kan, òun á pè é tó bá rọlẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún, ó kàn béèrè bóyá òun náà lè gbé ọwọ́ sókè tí òun bá ń bẹ̀rù. Ìsíátù ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò rọrùn, ìgbà mìíràn ọwọ́ kì í yá tó, ṣùgbọ́n ife kò tún fò nílé náà mọ́.

Ó ku Ọlálérè. Ilé rẹ̀ ti kan òrùlé báyìí, síbẹ̀ búlọ́ọ̀kù ṣì wà létí òkè, àwọ̀n kò sí níbẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Gbogbo àdúgbò ń rí i. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá: ẹnu wọn kò kúrò lára orí Ìsíátù, wọn ò sì gbójú sókè wo ohun tó fọ́ ọ. Ó sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sátidé. Albert ní kí ló dé tí àwọn ò lọ jókòó síbẹ̀.

Wọ́n gbé àga àwọn ọmọdé náà dání, wọ́n sì lọ. Ẹni tó ń tiro, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò gbé, Tẹ́júọlá tó di èjìká Albert mú. Wọ́n to àga sí ibi tí búlọ́ọ̀kù á já sí bó bá já, wọ́n jókòó. Albert gbójú sókè, ó sọ fún àwọn bíríkìlà pé kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ, bí nǹkan bá já, àwọn tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni yóò bá. Àwọn bíríkìlà wo ara wọn. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọlálérè dé nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọmọlúwàbí ni lójú gbogbo ayé. Ó kí wọn, ó béèrè àlàáfíà Ìsíátù, ó rán an létí pé òun gbé èso wá bẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ dun òun dọ́kàn, ṣùgbọ́n àmúwá Ọlọ́run ni, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Ìsíátù pe àgbàlagbà ní ìwọ.

"Ọlọ́run kọ́ ló to búlọ́ọ̀kù sétí àjà," ló wí. "Ìwọ ni. Ọlọ́run ti fún ẹ lójú, o rí i pé ibẹ̀ là ń gbà. Má kó o sí Ọlọ́run lọ́rùn."

Ohùn rẹ̀ lọ sókè, kò sì dá a dúró. Ó jẹ́ kó lọ. Àwọn ará àdúgbò ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ń kẹ́dùn rẹ̀ wà lára wọn. Wọ́n retí pé kó ju nǹkan. Kò ju nǹkan kan. Nígbà tó sọ tirẹ̀ tán, ó jókòó padà sórí àga kékeré náà, ó sì wà níbẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà wá lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, àwọn obìnrin mélòó kan tí ọmọ wọn ń gba ibẹ̀ lọ síléèwé gbé àga tiwọn wá.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ta àwọ̀n. Ọlálérè kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń sọ káàkiri pé àwọn wèrè ló wá dá iṣẹ́ òun dúró. Ìsíátù dúró lódì kejì ọ̀nà, ó wo àwọ̀n náà, ṣùgbọ́n ayọ̀ tó rò pé yóò dé kò dé. Ọkùnrin méjì ló gun òkè láàárọ̀, kí oòrùn tó kanrí wọ́n ti ta á tán, wọ́n sì ń jẹ búrẹ́dì. Bí ó ṣe kéré tó nìyẹn. Ohun tí ìbá gba orí òun là, iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni. Inú bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn ló ń bínú.

Àǹtí Nimotallahi ti padà sílé nígbà yẹn, ó ń fi fóònù béèrè ìgbà tí wọ́n máa mú un wá. Mísbáù sọ fún un pé ìyàwó òun kò ní lọ síbì kankan. Ó tún un sọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Láti ìgbà náà, obìnrin náà kì í bá wọn sọ̀rọ̀ bí kò bá jẹ́ ọjọ́ Iléyá.

Sátidé kan, Mísbáù tẹ̀lé Ìsíátù lọ sí Àjàó Estate. Ó jókòó sórí àga ọmọdé bíi tiwọn. Nígbà tí Albert bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ, ó kọ́kọ́ mi orí. Lẹ́yìn náà ó tú u sílẹ̀. Ó ní inú ń bí òun. Ó ní òun ń bínú sí Ọlálérè, sí dókítà tí kò sọ nǹkan kan fún òun, sí ẹ̀gbọ́n òun, sí ara òun tó ń wo ilẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé yẹn.

"Mo sì ń bínú sí òun náà," ló wí, ó na ọwọ́ sí Ìsíátù. "Gbogbo yín ní kí n gba èyí tó wà ńlẹ̀. Mo gbà á. Mi ò lè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó lọ yẹn, ìyàwó mi lòun náà, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kí n sunkún ẹ̀."

Ìbínú gbéra nínú Ìsíátù láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó jáde sí àgbàlá iléèwé náà, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ jangirọ́fà àwọn ọmọdé. Ó fẹ́ padà wọlé lọ bú u. Ó ń to ọ̀rọ̀ èébú náà pọ̀, bó sì ṣe ń tò wọ́n ló ń rí i pé kò sí irọ́ nínú ohun tí ọkọ òun sọ. Nígbà tó padà wọlé, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó lọ. Ó jókòó ti Mísbáù.

"Èmi náà ń wá a," ló sọ fún un. "Má rò pé ìwọ nìkan ni."

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn relé. Mísbáù mú ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò ń gbà. Nígbà tí wọ́n délé, Fawziyyah ti se ìrẹsì, ìdí rẹ̀ jóná díẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà kan ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Orí ẹyọ kan ni Ìsíátù ń dì lóòjọ́ báyìí, nínú yàrá, láìtan jẹnẹrétọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ rojọ́ kó lọ síbòmíràn. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó pa fèrèsé dé, ó sì sùn kí oòrùn tó wọ̀. Bó ṣe máa ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn.